Mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín sísanra kù, ìtara àkọ́kọ́ kò sí mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tólú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ sísanra ni mo gbé wá. Lọ́dún tó kọjá, mo dín oúnjẹ alẹ́ kù, mo ń fẹsẹ̀ rìn nírọ̀lẹ́, aṣọ tó ti há mọ́ mi tẹ́lẹ̀ ti ń gbà mí. Ìgbà tó yá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá mi, mo sì kó lọ sí Ìlọrin lọ dúró tì wọ́n. Ẹni tó bá ti sùn nílé ìwòsàn rí mọ bó ṣe máa ń rí: oúnjẹ kò ní àsìkò, oorun kò ní àsìkò, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló sún mọ́ni jù. Màmá ti gbádùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ti padà sí Ìbàdàn, gbogbo ohun tí mo dín kù náà sì ti padà. Nígbà tí mo lọ yẹ ara mi wò, dókítà ní ìfúnpá mi ti ń ga, kí n tètè wá nǹkan ṣe sí ìwọ̀n ara mi.

Mo mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ìtara ni n kò rí. Nígbà àkọ́kọ́, inú mi ń dùn láti jí. Ní báyìí, bí mo bá ti rántí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, ṣe ni ó ń rẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tún un bẹ̀rẹ̀ tó sì dúró, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dì mú?

Bàbá Ìbejì

Ìyá Tólú, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín.

N kò gbà pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lẹ wà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹgàn lẹ wọ̀, ẹ kò mọ ibi tí kùkùté wà. Èyí tó wà níwájú yín yìí, oko tí ẹ ti ro rí ni, koríko ló bò ó. Ẹ ti mọ wákàtí tí ebi máa ń pa yín jù. Ẹ ti mọ oúnjẹ tó ń dúró pẹ́ níkùn yín àti èyí tí ẹ ó jẹ tí ebi á tún dé kí wákàtí kan tó pé. Ẹ mọ ẹni tó ń gbè yín lẹ́yìn nínú ilé àti ẹni tó máa ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí n bu díẹ̀ sí i". Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò mọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí. Kódà iṣan ara yín kò gbàgbé: ẹni tó ti fi iṣan rẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa rí, tó wá dáwọ́ dúró, agbára rẹ̀ máa ń tètè padà ju ti ẹni tí kò ṣe é rí lọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ mú bébà. Ẹ kọ ohun tó ṣiṣẹ́ fún yín lọ́dún tó kọjá sílẹ̀, kí ẹ sì mú ọ̀kan péré nínú wọn bẹ̀rẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ mú, ẹ fi èyí tó lágbára jù sílẹ̀ ná.

Ní ti ìtara, ẹ má dúró dè é. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ló máa ń dé. Ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kéré débi pé ọjọ́ tó bá rẹ̀ yín jù lọ, ẹ ó ṣì lè ṣe é. Ìṣẹ́jú 10 ní àyíká ilé lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó tó. Àwọn onímọ̀ kan ní University College London tẹ̀ lé èèyàn 96 tí wọ́n ń gbìyànjú láti sọ nǹkan kékeré kan di àṣà ojoojúmọ́, ìwé wọn jáde ní 2010. Ó yá àwọn kan, ọjọ́ 18 péré. Ìṣirò wọn fún àwọn mìíràn lọ títí dé 254. Agbedeméjì rẹ̀ jẹ́ 66. Ibi tó wú mi lórí jù nínú rẹ̀ ni pé ọjọ́ kan téèyàn fò kò ba nǹkan jẹ́. Àṣà náà kàn ń bá ìdàgbà rẹ̀ lọ ni.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ní kílíníìkì.

Bí ìwọ̀n ara bá dín kù, ara máa ń jà láti gbà á padà. Họ́mọ̀nù tó ń pe ebi, èyí tí wọ́n ń pè ní ghrelin, á gòkè. Leptin tó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó, á wálẹ̀. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Melbourne gbé èsì jáde lórí èèyàn 50 tí wọ́n ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù gidigidi. Ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n fọn, họ́mọ̀nù wọn kò tíì padà sí bó ṣe wà, ebi sì ń pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 2016, Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ èèyàn 14 wò tí wọ́n ti kópa nínú ìdíje dídín sísanra kù lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún mẹ́fà ti kọjá lẹ́yìn ìdíje náà, síbẹ̀ kálórì tí ara wọn ń jó lójúmọ́ fi nǹkan bíi 500 kéré sí ti ẹlòmíràn tó tóbi tó wọn.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú ìtìjú. Wọ́n á ní ọ̀lẹ làwọn, wọ̀bìà làwọn. Ó máa ń dùn mí láti gbọ́ ọ. Ara wọn ló ń ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́run dá a láti ṣe, ó rò pé ìyàn mú. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ebi yìí ń bọ̀, ẹ ó ṣètò dè é. Ẹ jẹ́ kí ẹyin, ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹran wà nínú oúnjẹ àárọ̀ àti ọ̀sán yín, torí àwọn ló ń jẹ́ kí ikùn dákẹ́ pẹ́. Ẹyin sísè kan kò ju kálórì 80 lọ.

Ẹ má sì fi ìwọ̀n tí ẹ ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín ṣe ibi tí ẹ ń lọ. Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà lórí bí a ṣe lè dènà àtọ̀gbẹ, èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Èèyàn tó lé ní 3,200 ló wà nínú rẹ̀, ṣúgà gbogbo wọn ti ń ga. Àwọn kan wà tí wọ́n ní kí wọ́n dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa ṣe ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ewu àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn yẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó wọn kìlò 90, kìlò mẹ́fà lé díẹ̀ ni ìdá 7 rẹ̀. Ìfúnpá náà máa ń wálẹ̀ pẹ̀lú irú ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí n kò ní fi ṣeré: ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ìfúnpá gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gé oúnjẹ kù. Ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì, kí òòyì sì gbé èèyàn ṣubú.

Alásè

Inú ìkòkò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ará mi. Ohun tó ń pa ìtara ọ̀pọ̀ obìnrin ni pé wọ́n á se oúnjẹ ilé lọ́tọ̀, wọ́n á tún wá se tiwọn lọ́tọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ó ti sú wọn. Ìkòkò kan náà ni kí ẹ gbé kaná fún gbogbo ilé, bí ẹ ṣe ń bu tiyín ni kí ẹ yí padà.

Epo ni àkọ́kọ́. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan tó kún fún epo, ìbáà ṣe epo pupa, ìbáà ṣe òróró, ń lọ sí kálórì 120. Epo tí a bá sì tú tààrà láti inú kẹ́ẹ̀gì, ta ló mọ iye ṣíbí tó dà? Ẹ fi ṣíbí kan sí ẹ̀gbẹ́ ààrò, kí ẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Ẹ̀fọ́ rírò tí a fi epo ìwọ̀nba sè, tí ata rẹ̀ jinná dáadáa, tí irú Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, adùn rẹ̀ kò dín rárá. Irú àti ẹja gbígbẹ ló ń gbé ọbẹ̀ ró.

Ọ̀rọ̀ àmàlà ń kọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ fi àmàlà sílẹ̀. Mo ti rí àwọn tó fi í sílẹ̀, tí wọ́n ń jẹ kúkúmbà, oṣù kan ni wọ́n lò, wọ́n sá padà. Ẹ dín àmàlà kù, kí ẹ fi ewédú àti gbẹ̀gìrì kún un. Ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, ó ń múni yó. Àti pé, ẹ kọ́kọ́ bu ọbẹ̀ àti ẹja sáwo kí ẹ tó bu àmàlà. Bó bá jẹ́ àmàlà lẹ kọ́kọ́ bù, ojú á fẹ́ kí ó kún àwo. Pọ̀nmọ́ dùn, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ẹja tàbí ẹran gidi.

Láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́ínmọ́ín dípò àkàrà, iṣu sísè dípò dùǹdú, bọ́ọ̀lì dípò dòdò. Bó bá di àárọ̀ Sátidé, ẹ jẹ àkàrà yín pẹ̀lú ẹ̀kọ, kí ẹ gbádùn rẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù. Ẹ ṣọ́ ẹ̀pà tí ẹ ń fi jẹ bọ́ọ̀lì o: gíráàmù 100 rẹ̀ ń lọ sí kálórì 570. Ẹ̀kúnwọ́ kékeré kan ti tó. Ògì fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà, ṣúgà àti mílíìkì tí a ń dà sí i ni kí ẹ wò.

Bí ẹ bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí ẹ ó fi sílẹ̀ ní oṣù kìíní, ohun mímu aládùn ni mo máa mú: ọtí ẹlẹ́rìndòdò, malt, júùsì inú páálí. A máa ń mu wọ́n, wọn kì í sì í yóni.

Ìyá Tólú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ebi yẹn sétígbọ̀ọ́ ọkọ mi. Ó fún mi ní ìtura tí n kò lè ṣàlàyé.

Ohun méjì ló kù tó ń bà mí lẹ́rù. Àwọn èèyàn ni àkọ́kọ́. Lọ́dún tó kọjá, bí mo ṣe ń fọn ni wọ́n ń dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn: "Ìyá Tólú, ṣé kò sí o? Ẹ ti rù jù. Ṣé ilé dáa?" Ọ̀rọ̀ yẹn kì í tètè kúrò lọ́kàn mi. Èkejì ni òde àríyá. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ oṣù yìí ló ti ní ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú nínú, tàwọn àna mi sì wà níbẹ̀.

Ìyá Àgbà Ẹ̀gbá

Ọmọ mi, má jẹ́ kí ẹnu èèyàn dá ọ dúró. Láàárín àwa Yorùbá, ẹni tó bá sanra ni a máa ń kí pé ara rẹ̀ ń dán, pé ayé ń yẹ ẹ́. Ẹni tó bá rù, àìsàn tàbí ìyà ni a máa rò mọ́ ọn. Àníyàn ni wọ́n ń fi hàn sí ọ, bí wọ́n ṣe tọ́ wọn nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Ìdáhùn kúkúrú ló ń pa á: "Ara mi le, dókítà ló ní kí n dín in kù." Tí o bá ti dárúkọ dókítà, wọ́n á dákẹ́. Má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o sì wá ẹnì kan nínú ilé tó mọ ìdí rẹ̀, tí yóò máa gbè ọ́ lẹ́yìn lójú gbogbo wọn. Ó wù mí kó jẹ́ ọkọ rẹ.

Ní ti òde, jẹun nílé kí o tó jáde: ẹyin méjì, tàbí ẹ̀wà díẹ̀. Bí wọ́n bá ń pín oúnjẹ, bá ẹni tó ń pín in sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, sọ pé mọ́ínmọ́ín àti ẹja lo fẹ́, kí ìrẹsì má pọ̀. Kí omi wà níwájú rẹ. Nílé àna, o kò gbọ́dọ̀ kọ oúnjẹ, ìyẹn á dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ tí kò ní tán bọ̀rọ̀. Gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kúnlẹ̀ dúpẹ́, jẹ ìwọ̀nba, kí o ní kí wọ́n bá ọ di ìyókù fún àwọn ọmọ. Inú wọn á tún dùn. Bí onílù bá sì dé, dìde, jó! Má jókòó ti àwo.

Oúnjẹ Sátidé kan kò lè pa ohun tí o ti ṣe láti Mọ́ńdè rẹ́. Èyí tí a bá ń jẹ lọ́jọ́ Àìkú, tí a tún ń jẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, pẹ̀lú èrò pé "ó ṣáà ti bàjẹ́", òun ló ń pa á rẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí o padà sórí tìrẹ, má dúró de ọ̀sẹ̀ tuntun.

Ọmọ Èkó

Ìyá Àgbà, ẹ ṣé mà. Ọ̀rọ̀ "má dúró de ọ̀sẹ̀ tuntun" yẹn ni n óò kọ sára fíríìjì.

Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni ọ̀tá tèmi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti máa ń lù kí n tó wọlé, ebi á sì ti dé ojú. Ohun tó gbà mí ni pé mo ń gbé abọ́ oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, aago márùn-ún ni mo ń jẹ oúnjẹ alẹ́ mi kí n tó wọkọ̀. Tí mo bá délé, ẹ̀kọ kan àti mọ́ínmọ́ín, tàbí èso, ó parí. Nǹkan tí wọ́n ń tà láàárín ọkọ̀ kò tún dùn mọ́ mi mọ́ torí pé mo ti yó.

Mo máa ń bọ́ọ́lẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó ṣáájú tèmi kí n lè rìn. Lówùúrọ̀ Sátidé, afárá Lekki sí Ìkòyí ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ ń pàdé sí. Kìlómítà 1.36 ni, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ tí ìtara kò bá sí, mímọ̀ pé ẹnì kan ti dúró dè mí níbẹ̀ ló ń jí mi. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ dẹ́rù bà yín. Láti ara ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ tí ilé iṣẹ́ kan gbé jáde ní Japan ní 1965 ni iye yẹn ti wá, orúkọ ọjà ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 lórí àwọn ìyá àgbà, àwọn tó ń rìn tó nǹkan bíi 4,400 ti ń pẹ́ láyé ju àwọn tó ń rìn nǹkan bíi 2,700 lọ, àǹfààní rẹ̀ sì dúró lójú kan ní nǹkan bíi 7,500.

Onírìn Àárọ̀

Èmi á sọ pé ẹ gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, mà. Ohun tí a kò bá wò, a kì í mọ̀ pé ó ń lọ.

Alásè

N kò fara mọ́ ọn. Lójoojúmọ́ kẹ̀? Òṣùwọ̀n yẹn ló lé mi kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan rí. Téèpù aránṣọ ni mo ń lò báyìí, mo ń wọn ìbàdí àti ikùn mi ní ìparí oṣù. Ìró mi náà ń sọ fún mi.

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Bí ara kálukú ṣe gbà á ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ gun òṣùwọ̀n mọ ohun tó ń wò. Iyọ̀ tó pọ̀ nínú ọbẹ̀ àná, nǹkan oṣù, àìyàgbẹ́, gbogbo rẹ̀ lè fi kìlò kan tàbí méjì kún un láàárín ọjọ́ kan, kò sí ọ̀rá nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà nìyí: ìwọ̀n máa ń já wálẹ̀ kíákíá, inú á dùn, lẹ́yìn náà á dúró. Omi ló kọ́kọ́ ń lọ. Ara máa ń kó ṣúgà pa mọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi tó wà pẹ̀lú rẹ̀ sì fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta wúwo jù ú lọ. Bí ṣúgà yẹn bá tán, omi á bá a lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń jáwọ́, wọ́n rò pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà náà gan-an ni ọ̀rá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Ìlàjì kìlò lọ́sẹ̀ dára púpọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ London

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ láti Peckham. Tiwa níbí ni òtútù àti òkùnkùn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní Oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ṣú. Parkrun ló ràn mí lọ́wọ́: kìlómítà márùn-ún, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, ọ̀fẹ́ ni, a lè rìn ín dípò kí a sáré. Láti 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bushy Park níbí. NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, náà ní ètò Couch to 5K tó ń kọ́ ẹni tí kò sáré rí bí a ṣe ń sáré, ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ìyá Tólú, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú tèmi ni pé nígbà tí mo padà sí i lẹ́yìn ìbímọ, n kò padà sí ọ̀sẹ̀ kìíní. Mo dán ọ̀sẹ̀ kẹta wò, mo lè ṣe é, ibẹ̀ ni mo gbà wọlé.

Kí ẹ sì mú ọjọ́ kan tó ní ìtumọ̀ fún yín. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Dai, Milkman àti Riis, fi hàn pé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù àti ẹ̀yìn ọjọ́ ìbí ni àwọn èèyàn ń lọ sí jíìmù jù. Ọjọ́ ìbí Tólú lè jẹ́ tiyín.

Alhaja Òṣogbo

Àsàlámù àléékúmù. Mo gbà pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́ lórí ọjọ́ tó ní ìtumọ̀. Ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni èmi máa ń yàn, torí ikùn ti kéré nígbà yẹn, ọkàn sì ti mọ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ràmàdáánì fúnra rẹ̀ á mú òun fọn. Bí dòdò, àkàrà àti ohun mímu dídùn bá kún orí ẹní nígbà ìṣínu, ìwọ̀n lè lọ sókè nínú oṣù náà. Dàbínù mẹ́ta, omi, ìrun, lẹ́yìn náà oúnjẹ gidi.

Ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ lè sọ nípa tíì tí wọ́n ń tà lórí Instagram? Àti abẹ́rẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo?

Nọ́ọ̀sì Ìbàdàn

Àbúrò, ọ̀pọ̀ nínú tíì yẹn, senna ló wà nínú rẹ̀, ìyẹn oògùn ìyàgbẹ́. Omi ara àti ìgbẹ́ ló ń kó jáde, ọ̀rá wà níbi tó wà. Èyí tó burú jù ni àwọn tí wọ́n fi sibutramine, oògùn tó ń dín ebi kù, sínú rẹ̀ láìkọ ọ́ sára páálí. Wọ́n ti kó oògùn yẹn kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láti 2010 nítorí ewu ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Wo nọ́ńbà NAFDAC, kí o sì yẹra fún ohun tí kò ní in.

Abẹ́rẹ́ tí o ń béèrè, semaglutide, ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, àwọn tó lò ó dín ìwọ̀n wọn kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 68. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dá a dúró, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó lọ ló padà. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún èèyàn. Má gbà á lọ́wọ́ ọlọ́jà, mo bẹ̀ ọ́.

Bàbá Ìbejì

Mo padà wá torí ohun kan tí Ìyá Tólú sọ, pé òun tún ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti 1994 ni àwọn olùwádìí méjì, Rena Wing àti James Hill, ti ń kó orúkọ àwọn tó dín ó kéré tán kìlò 13.6 kù jọ, tí kò sì padà fún ọdún kan ó kéré tán. Wọ́n ti lé ní 10,000. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti gbìyànjú ṣáájú, tí kò dúró. Ìgbà tó wá dúró fún wọn, ẹ̀yìn àwọn ìgbà yẹn ló wá. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹun àárọ̀, wọ́n ń gun òṣùwọ̀n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń rìn dáadáa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àárín àwọn tó ṣe é yọrí lẹ wà, ẹ kò sí lẹ́yìn wọn.

Ìyá Tólú

Bàbá Ìbejì, ẹkún ayọ̀ ni mo ń sun. Ẹ ṣé, sà.

Ohun tí mo máa ṣe nìyí. Ìrìn ìrọ̀lẹ́ ni mo mú, lẹ́yìn oúnjẹ, ìṣẹ́jú 10, ọkọ mi ní òun á máa bá mi rìn. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò á kúrò nínú ilé, ṣíbí epo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. N kò ní fi nǹkan mìíràn kún un títí oṣù yìí á fi parí. Mo fẹ́ bi yín léèrè ohun kan: orúnkún ọ̀tún mi ń dùn mí díẹ̀ bí mo bá ti rìn jìnnà. Ṣé kí n ṣì máa rìn?

Onírìn Àárọ̀

Ẹ máa rìn, mà, ṣùgbọ́n ẹ yan ilẹ̀ títẹ́jú. Ìbàdàn kún fún òkè, ẹ yẹra fún gbogbo ọ̀nà tó ń gùn, àyíká pápá ìṣeré dára ju títì lọ. Bàtà tó ní tìmùtìmù lábẹ́ ni kí ẹ wọ̀, ẹ má fi sálúbàtà rìn. Ẹ pín ìṣẹ́jú 10 yẹn sí méjì bó bá gba bẹ́ẹ̀, márùn-ún lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, márùn-ún lálẹ́. Lówùúrọ̀, ẹ jókòó sórí àga, ẹ dìde láìfi ọwọ́ tì í, ẹ tún jókòó, títí yóò fi rẹ itan yín díẹ̀. Iṣan itan ló ń gbé orúnkún dúró. Àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n ní 2005, wọ́n rí i pé kìlò kan tó bá kúrò lára ń mú ẹrù tó nǹkan bíi kìlò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní gbogbo ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá wú, tàbí tó bá ń dùn yín lórí ibùsùn lóru, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ wọn ìfúnpá.